Epo, Kọ̀ńténà àti Ọ̀nà Ọ̀tà

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ti lé díẹ̀ nígbà tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ bọ́ọ̀sì ní Ìyánà-Ìpájà. Kọ̀ńdọ́ gbá ara ọkọ̀, ó pariwo: "Ṣàngó! Ṣàngó! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ọmọbìnrin náà gbé àpò rẹ̀ lé itan, ìwé ńlá kan sì yọrí lẹ́nu àpò náà. Ìwé òwò ni, òwò tó ń lọ láàárín Yúróòpù àti Éṣíà. Ohun tó fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn lẹ́yìn tó ti parí yunifásítì nílé. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó fojú sí ni CEIBS, èyí tí ìjọba Ṣáínà àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù jọ dá sílẹ̀ ní Shanghai lọ́dún 1994, tó sì ní ọgbà ní Accra, nítòsí wa níbí.

Inú ẹ̀gbọ́n mi tó bí i kò dùn sí ọ̀rọ̀ náà. "Yúróòpù kì í ṣe ilé wa," ó wí, "Éṣíà kì í ṣe ilé wa. Kí ló kàn wá nínú ohun tí àwọn méjèèjì ń tà fún ara wọn?" Ọmọ náà ní èsì tó pọ̀. Ó sọ bí ọkọ̀ òkun Ever Given ṣe há sí ojú omi Suez ní oṣù kẹta ọdún 2021, tó fi ọjọ́ mẹ́fà dí ọ̀nà fún gbogbo ayé. Ó sọ bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Shanghai lọ sí Rotterdam ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po ní òpin ọdún 2023, nítorí ìkọlù àwọn ológun Houthi lójú Òkun Pupa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó wọ bàbá rẹ̀ létí. Èmi wá bi í pé ṣé ó ti dé Ọ̀tà rí. Ó ní òun kàn máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ni. Mo ní kó múra, a ó jọ lọ. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìrìn tí mo pè é sí kò tilẹ̀ jìnnà.

Láti Abúlé-Ẹ̀gbá lọ, tírélà ti ń pọ̀ ju ọkọ̀ kéékèèké lọ. Kọ̀ńténà aláwọ̀ búlúù, pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ tò tẹ̀léra wọn bí ìjàlọ. A dé Tollgate, níbi tí Èkó ti parí tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba owó ibodè níbẹ̀ mọ́ láti ọdún 2004 tí ìjọba àpapọ̀ ti wó irú ibodè bẹ́ẹ̀, orúkọ ló kù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Awakọ̀ wa ń yọ́ rìn nínú kòtò, tírélà tó wà níwájú wa ń mì sọ́tùn-ún sósì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì di àga mú. Mo ní kó wo táyà tírélà náà dáadáa. Gbogbo wákàtí tí ẹrù bá lò nínú kòtò, owó ni. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń jó, táyà tó bẹ́, ọjọ́ tó ṣòfò, ẹni tó bá ra ọjà náà ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin ni yóò san án níkẹyìn, bí kò tilẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára páálí.

A bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ afárá Ṣàngó. Tí ẹ bá fẹ́ rí ohun tó ń jẹ́ oríta, ẹ dúró síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀nà Èkó wà lẹ́yìn yín, ti Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta wà níwájú. Apá òsì ni ọ̀nà tó gba inú Ọ̀tà lọ títí dé Ìdí-Ìrókò, ní ẹnu ibodè ilẹ̀ Benin. Apá ọ̀tún ni ti Ìjòkò, níbi tí ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó lọ́dún 1896 ti gbà kọjá. Apá ibẹ̀ náà ni ojú irin tuntun tí àwọn ará Ṣáínà ṣe gbà, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 láti máa kó èrò lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, lóòótọ́.

Nídìí òpó afárá la ti bá ìyá kan tó ń ta epo pupa. Kẹ́ẹ̀gì bíi mẹ́wàá tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ki àrọ bọ ẹnu ìgò, ó ń da epo sí i, epo náà ń sàn bí oyin, kò sì ta sílẹ̀. Nígbà tí ìgò kún, ó fi ìka gbá ẹnu àrọ kí ìkán tó kù lè já sínú ìgò oníbàárà, ó wá nu ìka náà sí etí kẹ́ẹ̀gì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ọjà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé kí n bù ú?"

"Tí a bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́ ni, ìyá," mo wí.

"Ẹ ó bá mi. Epo Òkìtìpupa ni o, kò ní àbùlà."

Epo yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn fún ọmọ náà bí a ṣe ń wá ọkọ̀. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ìlú ọmọ Ìganmọ́dẹ, ó sì dúró sójú ọ̀nà láàárín etí òkun àti ilẹ̀ òkè. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó lọ́dún 1830, wọ́n nílò ọ̀nà dé òkun, kí wọ́n lè ra ìbọn àti iyọ̀, kí wọ́n sì lè ta tiwọn. Ọ̀tà ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1842, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì dojú kọ Adó nítorí ọ̀nà Àgbádárìgì. Ogun ọ̀nà ọjà ni. Lásìkò náà, ènìyàn ṣì wà lára ohun tí wọ́n ń tà létí òkun, ọgbẹ́ tí kò yẹ ká gbàgbé. Epo pupa ló ń gba ipò òwò ẹrú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wá a fún ọṣẹ, fún àbẹ́là àti fún ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ gbẹ.

Ọdún bíi mẹ́fà lẹ́yìn ogun Ọ̀tà, lọ́dún 1848, àwọn ará Nẹ́dálándì gbin ọ̀pẹ mẹ́rin sínú ọgbà ewéko Bogor ní erékùṣù Java, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Indonéṣíà lónìí. Apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀. Mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn, àmọ́ láti inú èso àwọn mẹ́rin yẹn ni ọ̀pẹ ti tàn dé Sumatra, tó sì dé Màléṣíà. Nàìjíríà ló ń ṣe epo jù lágbàáyé títí di àwọn ọdún 1960. Lónìí, Indonéṣíà ló ṣe ipò kìíní, Màléṣíà tẹ̀lé e, àwa sì ń ra epo wọlé kún tiwa. Ọwọ́ Yúróòpù ló gbé igi wa dé Éṣíà. Ẹni tó bá bi wá pé kí ló kàn wá nínú òwò àárín àwọn méjèèjì, a ti wà nínú rẹ̀ kí àwọn bàbá ńlá wa tó mọ̀.

Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi wọkọ̀.

Lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ jọ ń gbé ojúlé kan náà. Yunifásítì Covenant wà níbẹ̀ láti ọdún 2002, Yunifásítì Bells náà wà nínú ìlú. Ká tó dé àárín àwọn ilé iṣẹ́, imú ti mọ̀ ọ́n: òórùn irin tí wọ́n ń yọ́, òórùn ọṣẹ, òórùn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yan. Àwọn òṣìṣẹ́ òru ń jáde, ti ọ̀sán ń wọlé, ọlọ́kadà ń dúró dè wọ́n ní géètì.

Lábẹ́ agboòrùn kan tó kọjú sí géètì ilé iṣẹ́ kan, arábìnrin kan ń se Indomie àti ẹyin. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kó tó fa ọ̀rá tiwa ya, mo gbà á, mo gbé e síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ka èyí fún mi bí ẹ ṣe ń ka ìwé yín."

Ó yí ọ̀rá náà síwá sẹ́yìn. Ó ní irú oúnjẹ yìí, Momofuku Ando ló ṣe é jáde ní Jàpáànì lọ́dún 1958. Indonéṣíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Indomie fúnra rẹ̀ lọ́dún 1972. Ilé iṣẹ́ Tolaram, tí ìdílé kan tó wá láti Íńdíà dá sílẹ̀ ní Malang ní Indonéṣíà lọ́dún 1948, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Singapore báyìí, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988. Mo bá a parí rẹ̀: lọ́dún 1995, Tolaram àti Indofood ti Indonéṣíà dòwò pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ọ̀tà yìí gan-an. Ọdún méje ni wọ́n fi ta á kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ mọ ahọ́n wa, wọ́n mọ ohun tí àwọn ọmọ wa ń bẹ̀bẹ̀ fún lówó ìyá wọn, kí wọ́n tó da bíríkì sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ ṣòwò ní ilẹ̀ ẹlòmíràn.

"Àlìkámà rẹ̀ ńkọ́?" mo bi í.

"Èyí tí a ń gbìn nílé kò tó. Orílẹ̀-èdè wa ń rà á láti Amẹ́ríkà, láti Kánádà, láti Rọ́ṣíà, láti Lithuania."

"Kí ni wọ́n fi ń dín in?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Epo ọ̀pẹ."

Arábìnrin tó ń dáná ti ń gbọ́ wa. Ó gba ọ̀rá náà padà, ó ní, "Ẹ̀yin ń sọ ti òkèèrè. Èmi mọ̀ pé tí dọ́là bá fò, páálí yìí á bá a fò. Lọ́dún 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, oníbàárà mi tó máa ń jẹ méjì di ẹni tó ń jẹ ẹyọ kan." Ó fọ́ ẹyin sínú páànù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fa ìwé kékeré yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́.

Tírélà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń dúró kí wọ́n ṣí géètì. Ejẹ́ǹtì tó bá ẹrù náà ti Apápá wá jókòó sí òjìji rẹ̀, fáìlì wà lórí orúnkún rẹ̀. A kí i, ó sì gbà kí ọmọ náà wo kọ̀ńténà. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ àti nọ́ńbà méje. Ejẹ́ǹtì náà fi bírò tọ́ka sí wọn: lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ni ín, ìkẹrin ń sọ irú ohun tó jẹ́, nọ́ńbà mẹ́fà jẹ́ orúkọ tirẹ̀ nìkan. Èyí tó kẹ́yìn, tó dá wà nínú àpótí kékeré, ìṣirò ni wọ́n fi ń rí i láti ara gbogbo àwọn tó ṣáájú. Tí akọ̀wé kan ní Shanghai tàbí ní Apápá bá ṣi ẹyọ kan kọ, nọ́ńbà yẹn ni yóò tú u fó. "Ó dà bí oríkì," ó wí. "Tí o bá kì í ṣì, yóò hàn pé o ò mọ ilé."

Ó ṣí fáìlì rẹ̀. Form M ló kọ́kọ́ hàn, èyí tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ gbà nípasẹ̀ báńkì kí ẹrù tó gbéra. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun, lẹ́yìn náà ni PAAR, ìwé tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò ohun tí ẹrù yóò san. Ọmọ náà bi í nípa FOB àti CIF, ejẹ́ǹtì náà sì fi òwò àjàpá ṣàlàyé. Tí alájàpá bá lọ ra iṣu, tí ẹni tó ń tà á sì sọ pé, "Iye tí mo pè yìí, màá gbé e sínú ọkọ̀ fún ọ, owó ọkọ̀ àti ewu ọ̀nà di tìrẹ," FOB nìyẹn lójú òkun. Tí ó bá ní, "Iye yìí ti mọ́ owó ọkọ̀ àti owó ìdójútòfò títí dé èbúté rẹ," CIF ni. Iye CIF yìí ni Kọ́sítọ́ọ̀mù wa ń wò láti ka owó orí ẹrù. Nítorí náà, tí ọkọ̀ òkun bá yí Áfíríkà po dípò Suez, tí owó ọkọ̀ sì lé, owó orí ẹrù náà á lé. Ìbọn tí wọ́n yìn lójú Òkun Pupa ń dún nínú fáìlì ejẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Ọ̀tà. Mo rí i lójú ọmọ náà pé ohun tó ti kà sórí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ ni.

Yàtọ̀ sí oúnjẹ, oògùn náà ní ìtàn tirẹ̀ lójú ọ̀nà yìí. May & Baker, tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1944, tó sì ti di ilé iṣẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ń ṣe oògùn ní Ọ̀tà. Fidson, tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, ń ṣe tirẹ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èròjà tí a fi ń ṣe oògùn nílẹ̀ wa, Íńdíà àti Ṣáínà ló ti ń wá. Ọwọ́ wa ló ń po ó, àmọ́ ẹni tó ni èròjà ló ni kọ́kọ́rọ́ ilé.

A gba Àtàn, a yà sí Lùsádà, ó di Ìgbẹsà. Ọ̀nà náà le, eruku pupa sì bo ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ní Ìgbẹsà ni agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Ògùn-Guangdong wà, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ará ẹkùn Guangdong ní Ṣáínà jọ dá sílẹ̀. Kíkọ Ṣáínà wà lára pátákó, bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ Yorùbá sì ń wọlé lábẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 1992 tó dá àjọ NEPZA sílẹ̀ ló ń ṣàkóso irú agbègbè bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ àti èròjà lè wọ ibẹ̀ láìsan owó Kọ́sítọ́ọ̀mù, àmọ́ tí ọjà bá jáde síta láti tà fún wa, ó di kó san tirẹ̀. Táìsì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tó dára á ní kí wọ́n bá òun wá táìsì Ítálì tàbí ti Sípéènì. Lónìí, ará Ṣáínà ń yan táìsì ní Ìgbẹsà.

Mo ní kí ọmọ náà fi èyí wé Àgbárá, tí kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ló kọ́kọ́ gbilẹ̀ níbẹ̀: Unilever ti Gẹ̀ẹ́sì àti Nẹ́dálándì, Nestlé ti Swítsálándì, GSK ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2023, Unilever kéde pé òun kò ní í ṣe OMO, Sunlight àti Lux mọ́ níbí, GSK sì kéde pé òun ń kógbá sílé. Ní 2024, Diageo ti Gẹ̀ẹ́sì gbà láti ta ìpín ìdá 58.02 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní nínú Guinness Nigeria. Ta ló rà á? Tolaram, àwọn tó ń ta Indomie. Yúróòpù tà, Éṣíà rà, ilé wa ni ọjà náà wà.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. Mo fẹ́ kó lọ kọ́ ìmọ̀ yìí, kó sì kọ́ ọ dójú àmì. Nígbàkúùgbà tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá ń lọ, tábìlì kan wà tí àwọn ènìyàn jókòó sí, ìwé tó nípọn sì wà lórí rẹ̀. Ta ló máa ní ìpín tó pọ̀ jù? Ta ló máa kọ́ ọmọ ìlú ní iṣẹ́ ẹ̀rọ? Èròjà mélòó ni a ó máa rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ wa? Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2021 ni àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀, òfin tó ń pinnu ibi tí a ti bí ọjà sì wà nínú rẹ̀: ohun tí wọ́n kàn dì ní Ọ̀tà kò ní ẹ̀tọ́ tí ohun tí wọ́n ṣe ní Ọ̀tà ní. Ẹni tí kò bá lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò kàn fọwọ́ sí i ni. Àwọn tó gbé ọ̀pẹ mẹ́rin lọ mọ ohun tí wọ́n gbé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún gbé ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé ọmọ wa kan wà níbẹ̀ tó mọ iye rẹ̀.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a padà dé abẹ́ afárá Ṣàngó. Ìyá elépo ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ti dín sí mẹ́rin. Ó bi ọmọ náà pé kí ló ń kọ́ nílé ìwé.

"Òwò ni, mà. Òwò òkèèrè."

"Ó dáa. Bá mi tú èyí. Lọ́dún 2022, mo ra epo ní iye kan, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti gbé owó lé e. Mo bi àwọn tó ń gbé e wá, wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ náà jókòó tì í lórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Ó sọ fún un pé oṣù kejì ọdún náà ni ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tí ayé ti ń ra epo òdòdó oòrùn. Ẹni tí kò rí ìyẹn rà wá yà sí epo ọ̀pẹ. Ní ìparí oṣù kẹrin, Indonéṣíà ní òun kò ní í jẹ́ kí epo ọ̀pẹ jáde nílẹ̀ òun mọ́, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìyá náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ogun tí wọ́n ń jà lọ́hùn-ún ló dé ìdí kẹ́ẹ̀gì mi!"

Ó wá kọ́ ọmọ náà ní tirẹ̀. Ó ní láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀, ìgbà yẹn ni òun máa ń ra epo pa mọ́, òun á sì máa tà á díẹ̀díẹ̀ títí di ọyẹ́, nígbà tí epo bá wọ́n. Ó fi ọmọrí ìgò bu epo díẹ̀, ó fi hàn án bí a ṣe ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti mọ èyí tó ní àbùlà. Ó sọ iye ọjọ́ tí epo lè lò kí ó tó kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìdajì ìmọ̀ òwò kan náà wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pàdé ni.

A ra ìgò kan. Ìyá náà da epo títí ó fi kan ọrùn ìgò, ó fi ìka gbá ẹnu àrọ, ó tún bu ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ọmọrí kan lé e. "Èènì tìrẹ nìyẹn," ó wí. "Tí o bá dọ́hùn-ún, má gbàgbé ibi tí epo ti wá."

Iṣu àti epo yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, ó ń sọ ìrìn wa fún un láti orí ogun ọdún 1842, kò sì mú ìwé kankan dání. Nígbà tó dé orí ọ̀pẹ inú ọgbà Bogor, bàbá rẹ̀ gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

"Mẹ́rin péré?" ó wí. "Tún ibẹ̀ sọ."